Ọwọ́ Ta Ni Àpò Tina Turner Wà?

Lọ́jọ́ tí Tina Turner, gbajúmọ̀ akọrin tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, kú, 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìbéèrè kan fi gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: èló lobìnrin yìí fi sílẹ̀ lọ? Àwọn kan pè é ní 250 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn mìíràn fi kún un. Mo ka púpọ̀ nínú wọn, inú mi ò sì dùn. Kì í ṣe pé owó ò ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń kà á ṣe rò lọ. Àmọ́ wọ́n ń ka owó náà bí ẹni ń ka àgbàdo inú àká, láì bèèrè ẹni tó ro oko àti ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ látẹ̀yìn wá.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, bóyá ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ìwé owó ẹnikẹ́ni wá síwájú mi, iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń wo ẹni tó ń buwọ́ lùwé kí owó tó jáde. Fún nǹkan bí ọdún 16 tí Tina fi bá Ike Turner, olórin tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣeré, òkìkí rẹ̀ kàn, àwo orin rẹ̀ tà, èrò ya lọ wò ó ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, síbẹ̀ kò ní àpò tirẹ̀. Nítorí náà, kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn nípa iye tí Tina Turner ní, èmi náà ní ìbéèrè: láti ọdún wo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Anna Mae Bullock lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Brownsville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n ti bí i, ní 26 oṣù kọkànlá ọdún 1939, àmọ́ Nutbush, abúlé kan tí oko òwú yí ká, ló gbé dàgbà. Bàbá rẹ̀ ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ oko, òun náà sì já òwú ní kékeré. Ó kórìíra iṣẹ́ ọ̀hún. Kò tíì ju bí ọmọ ọdún 11 lọ tí ìyá rẹ̀ fi kó ẹrù, tó sì filé sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, bàbá náà lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló wà títí ìyẹn fi kú, kó tó wá lọ bá ìyá rẹ̀ ní St. Louis. Títí tó fi darúgbó ló ń sọ ọ́ pé ìyá òun kò fẹ́ òun. Mi ò fẹ́ ká sáré kọjá níbí. Ọmọ tí ìyá fi sílẹ̀ mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n fini sílẹ̀, ó sì máa ń ṣòro fún un láti ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kódà nígbà tó yẹ kó ṣe é.

Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń lọ sí Club Manhattan ní East St. Louis, níbi tí Ike Turner àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Kings of Rhythm, ti ń ṣeré. Ike ti lórúkọ lágbègbè yẹn. Orin kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1951, “Rocket 88”, wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ orin ń pè ní orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Àmọ́ orúkọ Jackie Brenston, ọmọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́ lẹ́nu, ni wọ́n tẹ̀ sára àwo náà, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì kan Ike. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé ẹni tórúkọ rẹ̀ bá wà lára àwo ló ni owó. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn dájú. Kò kọ́ àánú mọ́ ọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn olórin ń sinmi díẹ̀, onílù gbé makirofóònù síwájú ẹ̀gbọ́n Anna, ẹ̀gbọ́n kọ̀, Anna gbà á. Nígbà tó lanu, Ike sáré sọ̀kalẹ̀ wá gbé e lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Bó ṣe di akọrin ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Ní 1960, akọrin ọkùnrin kan tó yẹ kó wá kọ “A Fool in Love” kò yọjú, wọ́n ní kí Anna kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ilé iṣẹ́ Sue Records gbọ́ ọ, wọ́n ní ohùn obìnrin yẹn gan-an làwọn fẹ́. Ike wá fún un lórúkọ tuntun: Tina, ó fi Turner tirẹ̀ tì í, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ṣègbéyàwó. Ó lọ fi orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tirẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí Anna bá lọ, òun á fà á fún obìnrin mìíràn, eré á sì máa bá a lọ. Nígbà tí Anna ní òun ò fẹ́ orúkọ náà, igi tí wọ́n ń kì bọ bàtà kó má bàa wún ni Ike fi lù ú lórí. Tina fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ bí ẹrú ló ń jẹ bí ọba. Tina ṣe ti ẹrú, ẹlòmíràn ló jẹ ti ọba. Òun ló ń kọrin, òun ló ń jó, òun ló ń kọ́ àwọn Ikettes, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbè é lẹ́yìn, ní ijó. Ike ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó pè wọ́n, òun ló ń sanwó fún ẹgbẹ́, òun ló kọ́ stúdíò Bolic Sound sí Inglewood, òun náà ló ń náwó lórí kokéènì. Tina ò gba owó oṣù. Ohun tó bá fẹ́, ó ní láti tọrọ rẹ̀.

Ọdún 1966 ló jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ náà kedere. Phil Spector, ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà ń fẹ́ kó bá àwọn gbé orin jáde nígbà náà, fẹ́ ohùn Tina nìkan fún “River Deep – Mountain High”. Ó san 20,000 dọ́là fún Ike kó má bàa dá sí iṣẹ́ náà, àmọ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Wọ́n sanwó fún ọkọ kó jókòó sílé, ìyàwó ló wà ní stúdíò tó ń kọ ìlà kan náà lákọtúnkọ, tí òógùn bò ó títí tó fi bọ́ ẹ̀wù òkè, tó ń fi kọ́mú kọrin. Orin náà kò ju ipò 88 lọ ní Amẹ́ríkà, ó dé ipò 3 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn ni Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wọn dání láti máa ṣíde eré fún wọn lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, “Proud Mary” dé ipò 4 ní Amẹ́ríkà ní 1971, ó sì gba Grammy. Gbogbo ayé rí owó tó ń wọlé. Ẹni tó pa á kò rí i.

Àwọn èèyàn máa ń bèèrè pé kí ló dé tí kò tètè lọ. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọkùnrin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin, ó sì máa ń bí mi nínú nígbàkigbà. Pẹ̀lú kí ni? Àwọn ọmọ ọkùnrin mẹ́rin ló ń tọ́: Craig tó bí kí òun àti Ike tó máa fẹ́ra, Ronnie tó bí fún Ike, àti méjì tí Ike ti bí tẹ́lẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ kì í ṣe tirẹ̀. Ilé kì í ṣe tirẹ̀. Ike ti sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo akọrin tí òun bá kọ́ ló ń fi òun sílẹ̀ lọ, Tina sì ti ṣèlérí pé òun ò ní lọ. Ìlérí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lẹ́nu ọmọ Nutbush tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ní 1968, ojú pọ́n ọn débi pé ó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n gbà á là, ó sì padà sórí ìtàgé. Ní 1973 ló gba ẹ̀sìn Búdà, tó ń ka “Nam Myoho Renge Kyo” lójoojúmọ́, ó sì sọ títí ayé rẹ̀ pé ibẹ̀ ni okun tí òun fi dìde ti wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 1976 ló dìde. Amẹ́ríkà ń múra àjọyọ̀ ọdún 200 òmìnira rẹ̀, Ike àti Tina sì balẹ̀ sí Dallas láti wá ṣeré. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ni lílù ti bẹ̀rẹ̀. Kóòtù àti ṣòkòtò funfun ni Tina wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ike lù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, òun náà lù ú padà. Kí wọ́n tó dé hòtẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti ta sára aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, ó bá Ike fọwọ́ ra orí bó ṣe máa ń ṣe, títí ìyẹn fi sùn lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ìborùn wé orí, ó wọ awò dúdú, ó mú báàgì kékeré kan, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì sáré sọdá òpópónà márosẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń já lọ já bọ̀ lórí rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn wà lódìkejì. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni 36 sẹ́ǹtì àti káàdì tí wọ́n fi ń ra epo Mobil. Ó sọ fún máníjà ibẹ̀ pé òun sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ òun ni, pé òun ò lówó lọ́wọ́, pé òun á san án tó bá yá. Ọkùnrin náà wò ó, ó fún un ní yàrá.

Sẹ́ǹtì 36. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé owó Tina Turner fún ọdún 16 tó fi ṣiṣẹ́, ohun tí màá kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1978 ni kóòtù tú ìgbéyàwó náà ká. Stúdíò, ilé, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lórí orin, gbogbo rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún Ike. Mọ́tò Jaguar méjì kù sí i lọ́wọ́, àti owó tó bá ń wá lórí àwọn orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ohun kan ṣoṣo tó di mú ṣinṣin ni orúkọ, Tina Turner. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ó ti ya wèrè. Gbèsè tún ń dúró dè é: eré tí wọ́n ti polówó rẹ̀ tí kò lè wáyé nítorí pé ó sá, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń bèèrè owó wọn, àwọn agbowó-orí ìjọba náà ò gbẹ́yìn. Èmi rí ìpinnu yẹn gẹ́gẹ́ bí ìpinnu ẹni tó mọ ìṣirò ju agbẹjọ́rò lọ. Ilé á gbó, stúdíò lè jóná (Bolic Sound jóná lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980), àmọ́ orúkọ tí èrò ti mọ̀ láti Los Angeles dé Lọ́ńdọ̀nù ṣì lè pa owó lọ́la. Ohun tí Ike rí ní 1960 ni òun náà rí. Òun nìkan ló tọ́ sí láti jẹ ẹ́.

Ọ̀la náà kò tètè mọ́. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tí kò rí jẹ. Ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ ilé fún wọn kó má bàa jẹun ọ̀fẹ́. Ó ń yọjú sórí ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ń ṣàwàdà, ó ń kọrin nílé ìgbafẹ́ ní Las Vegas, pẹ̀lú aṣọ oníyẹ̀ẹ́ àti ijó tí kò bá ìgbà mu mọ́. Àwọn àwo tó gbé jáde lásìkò yẹn kò tà. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ní gbogbo ìgbà yẹn, Tina mọ ohun tó ń lé. Nígbà tó pàdé Roger Davies, ọmọ Australia tó di mánẹ́jà rẹ̀, ó sọ fún un pé bí Rolling Stones ṣe ń kún pápá ìṣeré lòun náà fẹ́ máa kún un. Obìnrin dúdú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni 40 ọdún, tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, tí kò ní ilé iṣẹ́ kankan tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Davies kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tú ẹgbẹ́ àtijọ́ ká, kó bọ́ aṣọ oníyẹ̀ẹ́, kó padà sórí rọ́ọ̀kì pọ́ńbélé.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. David Bowie, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣílẹ̀kùn díẹ̀: ó sọ fún àwọn ọ̀gá Capitol Records ní New York pé òun ń lọ wo akọrin obìnrin tí òun fẹ́ràn jù, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí “Let's Stay Together” tó tún kọ ṣe dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí 1983, Capitol ní kó sáré gbé odindi àwo jáde. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì ni wọ́n fi ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé orin kan fún un, “What's Love Got to Do with It”, tí Terry Britten àti Graham Lyle kọ. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kò le tó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i síbi tó bá ohùn rẹ̀ mu, ó kọ ọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, orin náà wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, Tina sì jẹ́ ẹni ọdún 44. Ní Grammy ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bùn mẹ́ta ló gbà lọ sílé. Àwo náà, Private Dancer, tà ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Ọdún 1984 yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ̀. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ni àwọn ìwé ìròyìn mọ̀ dunjú, mi ò ní fi gùn ún: fíìmù Mad Max ní 1985, àti eré kárí ayé lẹ́yìn eré kárí ayé. Ní 16 oṣù kìíní ọdún 1988, nǹkan bí 180,000 èèyàn sanwó wọ Maracanã ní Rio de Janeiro láti wò ó. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò tó pọ̀ jù lọ tó tíì sanwó wo akọrin kan ṣoṣo títí di ìgbà náà. Kì í ṣe Rolling Stones. Òun ni.

Nípa ọkọ rẹ̀ kejì, mo ní nǹkan díẹ̀ láti sọ. Ní 1986, Erwin Bach, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ orin EMI, wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó fi ọdún 16 kéré sí i. Àwọn aláhesọ ní owó ló ń wá. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n jọ wà fún ọdún 27 kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ní oṣù keje ọdún 2013. Iṣẹ́ Erwin ló gbé wọn dé Switzerland ní àárín àwọn ọdún 1990. Ní 2013 ni Tina di ọmọ ìlú níbẹ̀, tó sì dá ìwé ọmọ Amẹ́ríkà padà. Àwọn kan pariwo pé owó-orí ló ń sá fún. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo 20 ọdún nílùú kan, tó jókòó dáhùn ìbéèrè nípa ìtàn ìlú náà ní èdè Jámánì nígbà tó ti lé ní 70 ọdún, ó tó kó pe ibẹ̀ nílé.

Ayọ̀ náà kò wá lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó ní láti tún ìrìn kọ́. Jẹjẹrẹ ìfun dé ní 2016. Kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fáyé gbọ́ pé ọdún púpọ̀ lòun kò fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru bó ṣe yẹ, tí òun fi oògùn àwọn dókítà sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Erwin yọ kíndìnrín kan fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Craig, àkọ́bí rẹ̀, gbẹ̀mí ara rẹ̀. Jẹjẹrẹ pa Ronnie ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi kún ìyẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin fún ilé iṣẹ́ BMG. Àwọn ìwé ìròyìn pe owó náà ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là. Kì í ṣe orin nìkan ló wà nínú àdéhùn náà. Orúkọ àti àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo rí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń kédàárò pé kò yẹ kó ta orúkọ tó jà fún. Èrò tèmi yàtọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sínú ìwé òfin, ẹnikẹ́ni ò bi í. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló dá iye lé e, òun ló sì gba owó. Ní oṣù yẹn kan náà ni Rock and Roll Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì, gbà á wọlé lórúkọ ara rẹ̀. Òun àti Ike pa pọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbà wọlé ní 1991.

Ilé tó ń gbé ní Küsnacht, létí adágún Zürich, háyà ló háyà rẹ̀ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 yẹn, òun àti Erwin wá ra ilé ńlá kan ní Stäfa, létí adágún kan náà. 70 mílíọ̀nù farańkì ilẹ̀ Switzerland ni ìròyìn pe iye rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ pé kí ni ìyá ẹni ọdún 81 tí ara rẹ̀ ò le fẹ́ fi ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ Küsnacht ni wọ́n ṣì ń gbé, tí wọ́n á máa lo ti Stäfa fún ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Ó rí ilé, ó wù ú, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rà á. Kò ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.